Họ́ọ̀kì tó ń pín ìwúwo: èwo ló yẹ Tacoma tó fẹ́ máa fa ilé onítáyà láti Akúrẹ́?

Ọmọ_Alágbàká

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ilé onítáyà tokunbo kan wà níbí, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní travel trailer. Ẹsẹ̀ bàtà 21 ni, táyà mẹ́rin, bíréèkì oníná. Ilé ìdáná alágbèéká la fẹ́ fi ṣe: Ìdànrè, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Òrè, ibi tí ayẹyẹ bá ti wà. Toyota Tacoma V6 ọdún 2010 onílẹ̀kùn mẹ́rin ni yóò máa fà á. Rìsífà 2 íńṣì (ihò irin ìdí ọkọ̀ tí họ́ọ̀kì ń wọ̀) àti ihò wáyà ẹlẹ́nu méje wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Lófìfo, ìwé pélébé ara ilé onítáyà náà kọ 1,600 kg. Tí fìríísà, sítóòfù, ìkòkò àti àga bá wọlé, a rò pé yóò tó 2,300 kg. Sílíńdà gáàsì 12.5 kg méjì wà lórí ọrùn rẹ̀, ìyẹn irin iwájú tí a fi ń fà á. Táǹkì omi lítà 100 wà níwájú nínú ilé. Jẹnẹrétọ̀ 85 kg ni a fẹ́ gbé sẹ́yìn ọkọ̀.

Wọ́n ní ká ra weight distribution hitch, WDH tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Ẹnì kan ní ká ra ti 1,200 lb (páùn) kó lè lágbára dáadáa. Ẹlòmíràn ní wẹ́dà lè ṣe é níbí. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Òṣùwọ̀n_Kòkó

Ẹ káàbọ̀. Ẹ má tíì fowó ra nǹkan kan. Ẹ wọn ọkọ̀ àti ilé yín ná, nítorí iye tí ẹ bá rí ni yóò sọ họ́ọ̀kì tí ẹ máa rà.

Ohun tó ṣe kókó jù ni ìwúwo ẹnu, ìyẹn iye tí ẹnu ilé onítáyà fi ń tẹ bọ́ọ̀lù họ́ọ̀kì mọ́lẹ̀. Fún irú èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ó yẹ kó wà láàárín 10% sí 15% gbogbo ìwúwo rẹ̀ nígbà tó bá ti di ẹrù tán. Bí kò bá tó 10%, ilé yóò máa jùrù lójú títì, ìyẹn ni pé ìdí rẹ̀ yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì bí ìrù. Bó bá ju 15% lọ, ìdí ọkọ̀ yóò rì, iwájú yóò fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí kò ní fẹ́ gbọ́ràn mọ́, iná iwájú yóò sì máa bọ́ sójú ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà wò ó. Ká ní ilé yín jẹ́ 2,300 kg, ìwúwo ẹnu sì jẹ́ 12%, 276 kg nìyẹn. Láti ẹsẹ̀ iwájú Tacoma yín dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.24. Láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dé bọ́ọ̀lù, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mo fi 1.25 ṣe àpẹẹrẹ. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí náà bó ṣe ń tẹ ìdí mọ́lẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe ìtìlẹ̀ láti gbé iwájú sókè. 276 lọ́nà 1.25, ẹ pín in sí 3.24: nǹkan bíi 106 kg ti kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló gba 106 yẹn pọ̀ mọ́ 276, àpapọ̀ 382 kg.

Iṣẹ́ WDH ni láti dá díẹ̀ padà. Ọ̀pá sípíríǹgì méjì tó ti orí họ́ọ̀kì lọ sábẹ́ ọrùn ilé onítáyà ni a máa ń fà sókè kó le. Bí wọ́n ti ń le ni wọ́n ń yí rìsífà, tí wọ́n sì ń ti iwájú ọkọ̀ padà sílẹ̀. Tí ẹ bá dá ìdajì padà fún ẹsẹ̀ iwájú, ìyẹn 53 kg, táyà ilé onítáyà yóò gba nǹkan bíi 30 kg, bí ó bá jìnnà sí bọ́ọ̀lù ní mítà 4.4. Ohun tó kù lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò wá di 299 dípò 382.

Ẹ kíyè sí i pé 276 yẹn ò lọ síbì kankan. Ó kàn pín sí ọ̀nà mẹ́ta ni. Họ́ọ̀kì yìí kì í fi kún ohun tí ọkọ̀ lè fà, kì í sì í tún ẹrù tí a kò kó dáadáa ṣe.

Wẹ́dà_ỌbaIlé

Ọ̀rọ̀ "wẹ́dà lè ṣe é" ló gbé mi wá síbí. Wẹ́dà ni mí, mo sì ń sọ ọ́ gbangba: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó WDH fún yín. Irin tí a fi ń ṣe ọ̀pá sípíríǹgì jẹ́ irin tí a ti fi iná sè kó lè tẹ̀ kó sì padà. Irin ọ̀pá tí à ń rà lọ́jà yóò tẹ̀, yóò sì wà bẹ́ẹ̀, tàbí kó kán. Kódà èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, a kì í fi iná kàn án, a kì í sì í lu ihò sí i.

Rìsífà náà ńkọ́? Ti ilé iṣẹ́ ni tiyín, ó dáa. Ẹ wo ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Ìlà méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀: weight carrying, ìyẹn fún bọ́ọ̀lù lásán, àti weight distributing. Bí ìlà kejì kò bá sí, ẹ má so WDH mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí tí ẹ ní Hilux tàbí Highlander tí wọ́n jó rìsífà sí lọ́nà Ìjọ̀kà tàbí níbòmíràn, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Rìsífà gidi jẹ́ páìpù onígun mẹ́rin 2½ íńṣì lóde, tó nípọn tó 6 mm, kí inú rẹ̀ lè kù sí 2 íńṣì géérégé. Irin ilé lásán tó nípọn 2 tàbí 3 mm ni mo máa ń rí lábẹ́ ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù lásán ń tẹ rìsífà sísàlẹ̀. WDH ń yí i sókè láti ìdí, lódì sí bí wọ́n ti rò ó nígbà tí wọ́n ń jó o. Ojú ibi tí iná jó ló máa kọ́kọ́ là.

Bóòtù ni a fi ń de rìsífà mọ́ ṣáàsì, èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ó kéré tán, láti ẹ̀gbẹ́ ṣáàsì. Ẹ má lu ihò sí etí òkè tàbí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni agbára ṣáàsì wà.

Àǹtí_Onísípánà

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti 1,200 lb.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iye tí wọ́n kọ sára ọ̀pá, 600, 800, 1,000, 1,200, ìwúwo ẹnu ló ń sọ, kì í ṣe agbára fún ìyangàn. Ọ̀pá 1,200 lb lábẹ́ ẹnu tó jẹ́ 600 lb kò ní tẹ̀. Gbogbo gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà ni yóò máa kan ọrùn ilé onítáyà àti rìsífà tààrà. Irin ọrùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í là níbi tó ti wọ abẹ́ ilé, ìṣó inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò sì máa tú. Ọ̀pá tó bá kéré jù náà á tẹ̀ tán kó tó gbé nǹkan kan padà síwájú.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: ẹrù tó bá wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wà lára ohun tí WDH yóò gbé. Jẹnẹrétọ̀ 85 kg yẹn, tí ẹ bá gbé e sí etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ fi kún ìwúwo ẹnu kí ẹ tó yan ọ̀pá.

Irú wo? Ti ṣéènì ló rọrùn jù lówó: ọ̀pá méjì, ṣéènì méjì, ìkọ́ méjì. Ó ń pín ìwúwo dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó ń dá ìjùrù dúró. Ẹ ní láti fi ọ̀pá ìfọwọ́rà kan kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pá yẹn ń béèrè wàhálà: ẹ gbọ́dọ̀ tú u kí ẹ tó fi rìfáàsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa tẹ̀, bí òjò bá sì sọ ọ̀nà di yíyọ̀, ẹ ní láti dẹ̀ ẹ́. Irú kejì ni èyí tí ọ̀pá rẹ̀ jókòó sórí irin onígun, tó ń fọwọ́ rà níbẹ̀ àti lórí họ́ọ̀kì, bíi Equal-i-zer. Ìyẹn ń dá ìjùrù dúró fúnra rẹ̀, ẹ sì lè fi rìfáàsì láìtú nǹkan kan. Ariwo rẹ̀ ní kọ́nà pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn. Reese ní ti dual cam, tó ń fẹ́ máa dá ilé padà sí tààrà. Andersen kò ní ọ̀pá sípíríǹgì rárá, rọ́bà àti ṣéènì ló lò.

Fún ilé ìdáná tí yóò máa wọ inú ọgbà ayẹyẹ, níbi tí rìfáàsì ti pọ̀, irú kejì ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá ń tú ọ̀pá ìfọwọ́rà nígbà mẹ́rin lóòjọ́ yóò gbàgbé nígbà karùn-ún.

Ẹlẹ́ja_Ọ̀wọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, tiwa láti Bẹ́ljíọ̀mù ló ti wá. Ṣé WDH yìí náà ni?

Àǹtí_Onísípánà

Rárá o. Àwọn ti Yúróòpù kò ṣe tiwọn fún un. Ọrùn wọn fẹ́ẹ́rẹ́, ìwúwo ẹnu wọn kì í sábà kọjá 100 kg, bíréèkì wọn sì ń ti inú ọrùn ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé bá ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá de ọ̀pá mọ́ ọn, ẹ lè di bíréèkì lọ́wọ́. Ẹnu tó ní rọ́bà ìfọwọ́rà nínú ni wọ́n ń lò láti dá ìjùrù dúró. Bọ́ọ̀lù wọn náà yàtọ̀: 50 mm. Bọ́ọ̀lù 2 íńṣì ti Amẹ́ríkà jẹ́ 50.8 mm, ẹnu yín kò ní gbà á dáadáa.

Ríwáyà_Ìjọ̀kà

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ họ́ọ̀kì lọ, bíréèkì ńkọ́? Ilé 2,300 kg kò gbọdọ̀ gbára lé bíréèkì Tacoma nìkan, pàápàá lórí òkè Ìdànrè.

Bíréèkì oníná ń fẹ́ kọ̀ǹtíróólà lẹ́bàá ọwọ́ ìdarí. Tacoma tó bá ní ihò ẹlẹ́nu méje láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń ní sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ wá a kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà. Mágínẹ́ẹ̀tì bíréèkì 10 íńṣì kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi 3 ámúpù. Mẹ́rin ni tiyín, nǹkan bíi 12. Wáyà tó bá tínínrín yóò gbóná, iná tó dé ẹ̀yìn yóò sì ti rẹ̀. Ẹ fi wáyà tó nípọn tó 4 sí 6 mm² àti fíúùsì 30 sí i, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì lọ tààrà sí orí bátìrì. Bọ́ọ̀lù họ́ọ̀kì kì í ṣe wáyà ilẹ̀: ó ti ní gíríìsì, ó ń mì, bíréèkì yóò máa wá, yóò máa lọ.

Bátìrì kékeré tó wà lórí ọrùn, pẹ̀lú okùn irin tó ń fa píìnì yọ, ẹ má sọ ọ́ nù. Bí ilé bá já kúrò lára ọkọ̀, òun ni yóò fún un ní bíréèkì. Ara ọkọ̀ ni kí ẹ so okùn yẹn mọ́, ẹ má so ó mọ́ ṣéènì ààbò. Ṣéènì ààbò méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba abẹ́ ẹnu kọjá bíi àgbélébùú, kí wọ́n lè gba ọrùn dúró tó bá jábọ́, kó má baà fi imú họlẹ̀.

Bí ilé bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jùrù lójú títì, ẹ má tẹ bíréèkì ọkọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ di ọwọ́ ìdarí mú tààrà, ẹ fi ọwọ́ fa kọ̀ǹtíróólà kí bíréèkì ilé nìkan mú.

Ọmọ_Alágbàká

Ẹ ṣé gan-an. Báwo la ṣe máa wọn ìwúwo ẹnu? Ìwé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ kọ ọ́ pé èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá 520 kg. Ìwé rìsífà kọ 650 lb sí ìlà weight distributing.

Òṣùwọ̀n_Kòkó

520 kg yẹn ni yóò pinnu ohun púpọ̀, nítorí ìwúwo ẹnu wà nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá mọ ẹni tó ní sítọ̀ọ̀ kòkó, òṣùwọ̀n pẹpẹ tí wọ́n ń gbé àpò lé ti tó. Ẹ dúró sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi òkúta dènà táyà ilé níwájú àti lẹ́yìn, ẹ gbé igi tó lágbára sórí òṣùwọ̀n, kí ẹnu ilé bà lé orí igi náà gan-an. Kì í ṣe lórí ẹsẹ̀ jáàkì. Jáàkì wà lẹ́yìn ẹnu díẹ̀, iye rẹ̀ yóò ga ju bó ti yẹ lọ. Kí ilé wà ní ìtẹ́jú bí ìgbà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Bó bá jẹ́ òṣùwọ̀n ara, tí a ń gùn nílé ìwòsàn, ni ẹ ní, kò lè gbé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá pákó líle 4 nípasẹ̀ 4. Ẹ gbé ìpẹ̀kun kan ka páìpù lórí búlọ́ọ̀kù, ìpẹ̀kun kejì ka páìpù lórí òṣùwọ̀n. Kí ẹnu ilé bà lé pákó ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí páìpù búlọ́ọ̀kù, kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì sí páìpù òṣùwọ̀n. Iye tí ẹ bá kà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

Gbogbo ìwúwo ilé, wéèbríìjì ni. Àwọn kúárì tó ń fọ́ òkúta ní agbègbè Akúrẹ́ ń wọn típà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ gun orí rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ẹrù sínú rẹ̀ bí ẹni ń lọ ayẹyẹ: gáàsì kún, omi kún. Òfìfo kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ọmọ_Alágbàká

A ti wọ̀n ọ́n. Gbogbo ilé: 2,240 kg. Òṣùwọ̀n ara ka 104, nítorí náà ẹnu jẹ́ 312 kg. Ẹnu dé àárín táyà jẹ́ mítà 4.4. Táǹkì omi wà ní mítà 1.9 sí ẹnu. Jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ilé nígbà yẹn.

Òṣùwọ̀n_Kòkó

312 nínú 2,240, nǹkan bíi 14% nìyẹn. Ìpín náà kò burú, ṣùgbọ́n rìsífà yín ò gbà: 650 lb jẹ́ 295 kg. Ẹ ti kọjá rẹ̀ kí irìn àjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tú omi. Lítà 100 jẹ́ 100 kg, ó sì wà níwájú táyà ilé ní mítà 2.5. 100 lọ́nà 2.5, ẹ pín in sí 4.4, ẹnu yóò dín ní 57 kg. Ó ku 255 kg, ìyẹn 562 lb, nínú ilé tó ti di 2,140. 11.9% nìyẹn, ó dáa. Omi wà ní ibi ayẹyẹ, ẹ rọ ọ́ níbẹ̀.

Ẹ wá wo 520 kg ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹnu 255. WDH fúnra rẹ̀ lè wúwo tó 38. Èèyàn méjì, ká ní 155. Jẹnẹrétọ̀ 85. Àpapọ̀ 533. Ó ti kọjá. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sórí táyà gan-an, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bóòtù. Níbẹ̀ kò ní fi nǹkan kan kún ẹnu, kò sì ní dín in. Ilé á di 2,225, ẹnu á ṣì wà ní 255, nǹkan bíi 11.5%. Ọkọ̀ á wá ru 448 péré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sí ìdí ilé kí àyè lè wà. Ìdí ilé ló burú jù láti kó ẹrù sí: ó ń sọ ẹnu di fúyẹ́, ó sì ń fún ìjùrù lágbára.

Wẹ́dà_ỌbaIlé

Tí ẹnu bá jẹ́ 562 lb, ọ̀pá 600 ló tó. Kí la fẹ́ fi 800 ṣe?

Àǹtí_Onísípánà

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn lórí òǹkà. Ṣùgbọ́n ẹrù ilé ìdáná kì í dúró sójú kan. Ìkòkò iyán àti kúlà ọtí lè wọ iwájú lọ́jọ́ kan, kí ẹnu di 620. Ọ̀pá 600 ti kọjá ààlà rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ 600 sí 800 sí ni èmi á mú bí mo bá rí i. Blue Ox ní 750. Bí ó bá jẹ́ 600 lẹ rí, ẹ fi òṣùwọ̀n ṣọ́ ọ.

Wẹ́dà_ỌbaIlé

600 rọ̀ fún irin ọrùn lórí gálọ́ọ̀pù. Irin ọrùn ni mo máa ń rí tó là. Mo dúró sórí tèmi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n nítòsí, kó mú ti Àǹtí.

Ọmọ_Alágbàká

A ti rí 750 tó wà ní páálí. Báwo la ṣe máa gbé e kalẹ̀?

Àǹtí_Onísípánà

Ó gba ààbọ̀ ọjọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ wá ilẹ̀ kọnkéré títẹ́jú. Epo kún inú ọkọ̀, ẹrù wà nínú ilé. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá fọkanáísà: táyà ilé tó bá jẹ́ ST225/75R15 load range D ń gba 65 psi, ST205/75R14 load range C ń gba 50. Ẹ ka tiyín lára rẹ̀. Ẹ wo òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT pẹ̀lú: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà tokunbo tó ti ju ọdún mẹ́fà lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó.

Ẹ wo òǹkà orí bọ́ọ̀lù àti òǹkà ara ẹnu ilé, kí wọ́n bára mu. Bọ́ọ̀lù 2 íńṣì nínú ẹnu 2 5/16 yóò jókòó bí ẹni pé ó wọlé, yóò sì fò jáde ní gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1¼ íńṣì ń béèrè ju 400 ft-lb lọ. Sípánà lásán kò lè dé bẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe trélà ńlá.

Lẹ́yìn náà, láìtíì so nǹkan kan, ẹ gbé ilé sí ìtẹ́jú, ẹ wọn gíga ẹnu rẹ̀ láti ilẹ̀. Orí bọ́ọ̀lù ni kí ẹ gbé sí íńṣì kan lókè iye yẹn, nítorí ìdí ọkọ̀ yóò rì díẹ̀. Tacoma ga, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ dorí ṣáńkì (apá irin họ́ọ̀kì tó ń wọ inú rìsífà) kodò kó lè sọ̀ kalẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wọn láti ilẹ̀ dé etí márọ́gáàdì iwájú lórí táyà, ọkọ̀ nìkan. Ká ní 890 mm. Ẹ so ilé láìsí ọ̀pá, ẹ tún un wọ̀n: ká ní 915. Iwájú ti gòkè ní 25. Ẹ fi ọ̀pá sí i, ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Ó kéré tán, kí ìdajì 25 yẹn ti padà, ìyẹn kó wà ní nǹkan bíi 902 tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Kó má ṣe rẹlẹ̀ ju 890 lọ láé. Bí iwájú bá rì ju bó ṣe wà lófìfo lọ, ẹ ti kó ìwúwo púpọ̀ jù kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì lè yọ̀ ní kọ́nà olójò. Bí ìwé Tacoma bá kọ iye tirẹ̀, iye ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bó bá ṣì wà ní 909, ẹ fi wáṣà kan tàbí méjì kún un lórí họ́ọ̀kì kí orí rẹ̀ lè dà sẹ́yìn sí i, ọ̀pá yóò sì le. Ó sàn ju kí ẹ máa fa ṣéènì kúrú lọ. Bó bá jẹ́ ti ṣéènì, ó kéré tán ojú ṣéènì márùn-ún gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀pá àti ìkọ́, kí ọ̀pá lè rí àyè yí ní kọ́nà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ilé gbọ́dọ̀ wà ní ìtẹ́jú tàbí kí imú rẹ̀ wolẹ̀ díẹ̀. Imú òkè ń pe ìjùrù.

Ọ̀pá yìí máa ń ṣèèyàn léṣe. Ẹ má fi agbára fa á. Ẹ ti ẹnu pa mọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ wá fi jáàkì ọrùn gbé ilé àti ìdí ọkọ̀ sókè pọ̀, ọ̀pá yóò dẹ̀, ẹ ó sì fi ọwọ́ lásán gbé e sórí ìkọ́. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má kọjú orí sí i.

Ríwáyà_Ìjọ̀kà

Àfikún: ẹ wo wáyà ẹlẹ́nu méje nígbà tí ọkọ̀ bá yí dé ìpẹ̀kun ní ọ̀tún àti ní òsì. Bó bá kúrú, yóò já. Bó bá gùn jù, ọ̀pá ni yóò gé e.

Ẹlẹ́ja_Ọ̀wọ̀

Àwọn bọ́m̀pù àti gọ́tà ẹnu ọgbà ńkọ́?

Àǹtí_Onísípánà

Ẹ tú ọ̀pá kí ẹ tó kọjá gọ́tà jíjìn tàbí ẹnu ọgbà tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ bá wọ kòtò, tí táyà ilé ṣì wà lókè, ọ̀pá yóò tẹ̀ kọjá bó ti yẹ, rìsífà ni yóò sì jẹ ẹ́. Bọ́m̀pù kékeré lójú títì kò ṣe nǹkan kan, ẹ kàn rọra gùn ún. Lórí ọ̀nà Òrè, níbi tí àwọn trélà ńlá ń sáré kọjá, afẹ́fẹ́ wọn yóò kọ́kọ́ ti ilé, lẹ́yìn náà yóò fà á. Ẹ má kọjá 80 km/h, ibẹ̀ ni ìfọwọ́rà họ́ọ̀kì yóò ti ṣiṣẹ́.

Gíríìsì díẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù àti nínú ihò tí ọ̀pá ń wọ̀. Ojú ibi tí ìfọwọ́rà wà, ẹ ka ìwé rẹ̀; ọ̀pá ìfọwọ́rà kò gbọdọ̀ rí gíríìsì rárá. Lẹ́yìn nǹkan bíi 80 km àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo bóòtù fún mọ́, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì kọjá sí ara irin. Ìlà tó bá yà lọ́jọ́ kejì ni nọ́ọ̀tì tó ń tú.

Ọmọ_Alágbàká

890 nìkan, 914 láìsí ọ̀pá, 908 pẹ̀lú ọ̀pá àti wáṣà mẹ́rin. A fi méjì kún un, ó di 901. Imú ilé wolẹ̀ ní nǹkan bíi 1 cm.

Òṣùwọ̀n_Kòkó

13 padà nínú 24. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ kọ wáṣà mẹ́fà àti 901 sínú ọrùn ilé pẹ̀lú ọ̀dà, kí ẹni tó bá máa so ó lọ́la lè mọ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n lọ́jọ́ tí fìríísà kejì bá wọlé.